Àgádágodo Mẹ́ta Lára Ilẹ̀kùn Omi

Kí ìgbìmọ̀ tó dé, obìnrin kan ṣoṣo ló ń ṣí ilẹ̀kùn omi, òun náà ló sì ń tì í. Ìyá Onílẹ̀kùn ni gbogbo abúlé ń pè é. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ti gba iṣẹ́ náà, ilẹ̀kùn ọ̀hún kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn gidi lè tìtorí ẹ̀ pe ìpàdé. Pákó líle kan ni, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n tì í bọ àárín òpó méjì níbi tí ọ̀sà ti kan ilẹ̀ oko, ó sì ní ọwọ́ irin kan lókè. Yí ọwọ́ irin yẹn sí ọ̀tún, pákó á gòkè, omi á wọlé. Yí i sí òsì, pákó á sọ̀, omi á dúró síta. Ó parí. Ẹni tó bá ti jẹun àárọ̀ lè ṣe é.

Ohun tó le níbẹ̀ ni kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá kún, òkun a máa ru, omi iyọ̀ á sì ya wọ inú ọ̀sà láìkágò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyá Onílẹ̀kùn ò ní ìwé, kò ní ẹ̀rọ. Ahọ́n ló fi ń ṣiṣẹ́. Á ki ìka bọ omi, á fi kan ahọ́n, á wá ní, "Ó ń bọ̀ lọ́tùnla," tàbí, "Kò tíì yá." Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ahọ́n yẹn purọ́, ọ̀fìnkìn ló sì ń ṣe ìyá lọ́jọ́ náà.

Kì í sì í ṣe pé ó kàn fẹ́ràn iṣẹ́. Oko ìrẹsì rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn gan-an, òun ni omi máa kọ́kọ́ kí. Iyọ̀ ti pa ilẹ̀ yẹn rí. Ọkọ rẹ̀ ló jí i dìde: tí òjò bá rọ̀, á gba omi òjò sínú oko, á tú u dànù pẹ̀lú iyọ̀ tó bá gbé, á tún dúró de òjò mìíràn. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí ìrẹsì tó gbà láti hù níbẹ̀. Ó jẹ ìkórè kan, ó kú. Ìyá Onílẹ̀kùn ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, orúnkún ti ń dùn ún. Tí iyọ̀ bá tún wọ oko yẹn, ta ló ní ọdún mọ́kànlá mìíràn nílé tí yóò fi ṣan ilẹ̀? Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó fọkàn balẹ̀ tí òṣùpá bá ti ń tóbi.

Lóòótọ́, ìjà wà. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní títì kí iyọ̀ má wọlé. Àwọn apẹja fẹ́ kó wà ní ṣíṣí kí ọmọ ẹja lè wọ inú omi tó tòrò lọ dàgbà. Baba Aláwọ̀n, tó ń hun àwọ̀n, tó sì tún jẹ́ olórí àwọn apẹja, fi ogún ọdún bú ọkọ Ìyá Onílẹ̀kùn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ náà sì ń bú u padà. Wọ́n á bú ara wọn tán, wọ́n á jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ létí omi, wọ́n á fẹnu kò sí ọjọ́ mélòó fún ẹja, ọjọ́ mélòó fún ìrẹsì. Èébú yẹn ni àkóso omi wọn. Ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ náà kú ni àwọn ará ọ́fíìsì omi dé láti ìlú ńlá. Wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lábẹ́ kánópì. Wọ́n pín bisikíìtì, wọ́n pín omi inú ike tí wọ́n gbé wá láti ìlú, torí wọn ò lè mu ti abúlé. Wọ́n wá sọ fún àwọn tó ti ń bá omi gbé kí wọ́n tó bí baba ọ́fíìsì pé omi wọn ò ní àkóso. Àwọn èèyàn jẹ bisikíìtì, wọ́n gbà.

Bí Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀ṣe fún Àkóso Omi ṣe dáyé nìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pátákó. Pátákó náà ga ju ilẹ̀kùn lọ ní ìlọ́po méjì, iwájú ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n sì rì í sí, débi pé ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà, pátákó nìkan ló máa rí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ LA FI Ń SỌ ÀYÀ. Ìpàdé mẹ́rin ni wọ́n fi jà lórí orúkọ ẹni tó máa wà lókè níbẹ̀.

Ohun kejì ni àgádágodo. Nítorí pé kò sẹ́ni tó fọkàn tán ẹnì kejì, wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀pá irin kan tó ní ihò mẹ́ta, wọ́n fi dábùú ọwọ́ irin kó má lè yí, wọ́n sì kọ́ àgádágodo kọ̀ọ̀kan sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ tàwọn àgbẹ̀, ọ̀kan tàwọn apẹja, ọ̀kan ti ọ́fíìsì. Àfi tí kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lójú kan ni ilẹ̀kùn tó lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Wọ́n pe èyí ní ìfọkàntán.

Ìyá Onílẹ̀kùn ò gba kọ́kọ́rọ́ kankan. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fún un ni kó máa nu pátákó.

Alága wọn jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Kókó Mẹ́ta ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ na ìka mẹ́ta sókè. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ àwọn àgbẹ̀ dání ni àbúrò ọkọ Ìyá Onílẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá wọlé ní ìyàwó, ọmọkùnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi àwọ̀n, ìyá sì sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ikùn rẹ̀ ti ń ṣíwájú rẹ̀ wọ yàrá báyìí, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ò gbọ́dọ̀ gba orúkọ padà. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ni akọ̀wé kan tí wọ́n rán wá láti ìlú, Ọ̀gá Fáìlì, tí fáìlì kì í kúrò lábíyá rẹ̀ kódà tó bá ń fọwọ́ méjèèjì wẹ ẹsẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tàwọn apẹja wà lọ́rùn Baba Aláwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ní ọdún kejì. Ìgbìmọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ ẹja, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ làwọn máa tì í. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìyá Onílẹ̀kùn ki ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n, àyà rẹ̀ já. Ó wẹ̀yìn wo oko. Ìrẹsì ti tẹrí ba, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n kórè rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́sàn-án ni omi yóò dé.

Ó gba ilé Kókó Mẹ́ta lọ. Ó bá a nínú pálọ̀, ó ń fi rúlà fa ilà sínú ìwé ìpàdé.

"Ọ̀gá, omi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn lónìí."

"Ẹ jókòó ná, Màmá. Kókó mẹ́ta ni mo ní." Ìka mẹ́ta gòkè. "Èkíní, Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé. Èkejì, ìkéde ọjọ́ márùn-ún la máa ń ṣe fún ìpàdé pàjáwìrì. Ẹ̀kẹta..." Ó wo ìka kẹta náà títí. Ẹ̀kẹta kì í sábà tètè dé. "Ẹ̀kẹta náà fara jọ èkejì."

"Ṣé ẹ ti fi ìkéde ránṣẹ́ sí òkun?"

"Màmá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ṣeré."

"Mi ò ṣeré, ọ̀gá. Òkun ò sí nínú ìgbìmọ̀ yín, kò ní dúró di Ọjọ́bọ̀."

Kókó Mẹ́ta fi kálàmù sí ìwé, ó kọ ọ́ pé olùṣọ́ ilẹ̀kùn fi ẹ̀rù rẹ̀ hàn. Ó pa ìwé dé, ó fi omi inú ike kan lọ̀ ọ́. Ìyá ní òun dúpẹ́, omi ló ń da òun láàmú, òun ò mu ún.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ò kún agbọ̀n. Ó fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn rìn láti ilé dé ilé, ó bẹ àwọn tó ni kọ́kọ́rọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun máa wá tí àwọn tó kù bá wá. Baba Aláwọ̀n ní òun máa wá kí òun lè sọ pé òun ò gbà. Ọ̀gá Fáìlì ní òun máa wá gẹ́gẹ́ bí olùwòye. Kókó Mẹ́ta nìkan ló ní òun ò ní wá, torí tí òun bá yọjú, ó ti di ìpàdé nìyẹn, ìkéde rẹ̀ ò sì tíì pé ọjọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, oòrùn kúrò láàárín orí, wọ́n dúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin létí ilẹ̀kùn. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òpó. Ó ń dán, kò pariwo, ó kàn ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó nu kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i, ó ṣí àgádágodo àwọn àgbẹ̀, ó ní, "Tiwa ti parí o." Ó padà lọ dúró lábẹ́ òjìji pátákó.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́," ni Ìyá Onílẹ̀kùn wí. Àwọn tó mọ ìyá mọ̀ pé kì í ṣe ìkíni.

Ó yíjú sí Baba Aláwọ̀n. Baba ti ká ọwọ́ sáyà.

"Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, mi ò ṣí nǹkan kan. Ọmọ ẹja ò tíì wọlé tán. Ọjọ́ méjì ló kù."

Ọ̀rẹ́ tó ń wí yìí ni ọkùnrin tó fi ogún ọdún pè ní olè omi. Ìyá ò bá a jà.

"Baba, ẹ jẹ́ ká tì í lónìí. Tí omi bá ti rọ̀, màá ṣí i ní ìbú ọwọ́ kan fún yín fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ ẹja kì í fẹ́ jùyẹn lọ, ẹ mọ̀."

"Ìbú ọwọ́ méjì."

"Méjì, ọjọ́ mẹ́ta."

Baba Aláwọ̀n wo omi, ó wo ìrẹsì. "Bí ọkọ ẹ ṣe máa ń dúnàá dúrà náà nìyẹn," ló wí, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí àgádágodo kejì. Ohun tí ìgbìmọ̀ fi ọdún méjì pè ní ìṣòro àjùmọ̀ṣe, kò gbà wọ́n tó àkókò tí èèyàn fi ń so okùn bàtà.

Ó ku ẹ̀kẹta. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń mì lọ́rùn Ọ̀gá Fáìlì, gbogbo wọn ń wò ó.

"Mo ní kọ́kọ́rọ́," ni Ọ̀gá Fáìlì wí jẹ́jẹ́, "àṣẹ ni mi ò ní. Fọ́ọ̀mù kan wà. Alága ló ń fọwọ́ sí i."

"Ẹ gbé e lọ bá a kó fọwọ́ sí i."

"Kò lè fọwọ́ sí i, ma. A ò tíì ka ìwé ìpàdé tó kọjá ká gbà á wọlé. Ọjọ́bọ̀ la máa kà á."

"Ọ̀gá, ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Ọ̀gá Fáìlì wolẹ̀. Omi ti bo bàtà rẹ̀. Ó gbé fáìlì sókè díẹ̀ kó má bàa tutù, ó ní òun máa pe ọ́fíìsì. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí létí omi. Ó gun òkè ebè lọ, ó ń na fóònù sójú ọ̀run, ó ń sọ pé, "Hẹlò? Hẹlò?" Kọ́kọ́rọ́ ń bá a lọ.

Omi gba abẹ́ pákó kọjá, ó ya wọ oko. Ìyá Onílẹ̀kùn rí i bó ṣe ń gba àárín ìrẹsì kọjá, ọ̀wọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni mọ ilé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ọkùnrin kan ló ń rì lọ yìí nítorí ìwé tí wọn ò tíì kà.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyá nu ojú, ó yíjú sí Baba Aláwọ̀n, ṣùgbọ́n baba ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń bọ̀, ó gbé irin ìdákọ̀ró léjìká. Ó gbé e lé ìyá lọ́wọ́, ó sì di ọ̀pá irin náà mú kó má mì. Ìyá lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, àgádágodo ọ́fíìsì já pẹ̀lú ihò tí wọ́n kọ́ ọ sí, ó bọ́ sómi. Àwọn méjèèjì fi gbogbo ara yí ọwọ́ irin sósì, pákó sọ̀, omi dúró.

Ìdajì oko ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìdajì yẹn funfun bí eérú, ìrẹsì ibẹ̀ gbẹ ní ìdúró. Ìdajì kejì yè. Ìyá kórè rẹ̀, ó gbé e sílé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbìmọ̀ ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n pe ìpàdé, ìkéde pé ọjọ́ márùn-ún, gbogbo wọn wá. Wọn ò sọ̀rọ̀ oko. Àgádágodo ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí láti àárọ̀ títí ebi fi pa wọ́n. Ọ̀gá Fáìlì ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgádágodo àwọn àgbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Kókó Mẹ́ta na ìka mẹ́ta, ó ní: èkíní, kí olùṣọ́ ilẹ̀kùn gba ìwé ìkìlọ̀, èkejì, kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀pá irin tuntun tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀kẹta, ìka kẹta dé lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ló mọ ibi tó gbà dé, kí wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Kékeré fún Ààbò Àgádágodo sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ kékeré náà sì ní àgádágodo tirẹ̀. Ó di mẹ́rin nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ní kí Ìyá Onílẹ̀kùn sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Ó tẹ̀ka sí ìwé ìkìlọ̀. Ó ní tí wọn ò bá bínú, òun fúnra òun ni òun máa jíṣẹ́ fún alágbẹ̀dẹ, kó má bàa ṣe àṣìṣe. Inú wọn dùn. Kókó Mẹ́ta ní ìyẹn gan-an làwọn ń pè ní ẹ̀mí àjùmọ̀ṣe.

Baba Aláwọ̀n ló bá a lọ sílé alágbẹ̀dẹ. Wọ́n jókòó síwájú iná, wọ́n ṣàlàyé, alágbẹ̀dẹ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ẹwìrì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀pá irin tuntun dé, ó nípọn bí apá ọkùnrin, ihò mẹ́rin wà lára rẹ̀, àgádágodo mẹ́rin sì rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń dán. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ló lè ṣí i, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun kan ni ìgbìmọ̀ ò wò: ìdí ọ̀pá náà. Alágbẹ̀dẹ ò kàn án mọ́ òpó. Ó gbẹ́ ihò kan sí ara òpó, ó ti ìdí irin bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè bí ìdérí ìkòkò, gbogbo rẹ̀ á bọ́ kúrò pẹ̀lú àgádágodo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní títì, ọwọ́ irin á sì yí bó ṣe wù ú. Tó bá parí, á dá a padà, ilẹ̀ á mọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìgbìmọ̀ ń ṣàkóso àgádágodo, Ìyá Onílẹ̀kùn àti Baba Aláwọ̀n ń ṣàkóso omi. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ìgbìmọ̀ ń wá, wọ́n á ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tì í padà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn méjì tó kù á jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, wọ́n á bú ara wọn díẹ̀, wọ́n á fẹnu kò. Ọmọ ẹja wọlé. Ìrẹsì hù ní ìdajì oko tó kù. Ìròyìn ọdún náà sọ pé ìgbìmọ̀ ti ṣàṣeyọrí, ó sì dé etí àwọn ìgbìmọ̀ etíkun mìíràn, àwọn náà sì ní àwọn fẹ́ wá kọ́gbọ́n.

Ọ̀gá Fáìlì ló mú ọjọ́. Nínú gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún, ọjọ́ tí òṣùpá kún ló mú. Ètò náà ní kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí láti àárọ̀, kí ìgbìmọ̀ lè tì í lójú àlejò ní aago mẹ́wàá. Ìyá Onílẹ̀kùn ṣírò rẹ̀ lórí ahọ́n: ó di aago méjìlá kí omi tó dé ojú pákó. Tó bá jẹ́ mẹ́wàá lóòótọ́, kò séwu.

Aago mẹ́wàá kọjá, wọ́n ṣì ń kí àlejò. Aago mọ́kànlá lù, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ka orúkọ gbogbo àwọn tó wà lórí pátákó. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, Kókó Mẹ́ta dìde, ó na ìka mẹ́ta sókè, ara Ìyá Onílẹ̀kùn sì bù máṣọ. Omi ti ń lá ìsàlẹ̀ pákó. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì oko tó kù fún un láyé yìí ti yọrí, ó ń tẹ̀ síhìn-ín, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún.

Tí wọ́n bá rí i níbi tó ti ń gbé ọ̀pá kúrò, ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ tú nìyẹn. Wọ́n á rọ irin mìíràn, wọ́n á kàn án mọ́ òpó, òun náà á di ẹni tí wọn ò ní jẹ́ kó sún mọ́ ilẹ̀kùn mọ́. Tí kò bá sì ṣe é, kò sí oko. Ó wo Baba Aláwọ̀n. Baba wo pátákó. Abẹ́ kánópì tó wà lójú ọ̀nà ni gbogbo àlejò jókòó sí, pátákó ni wọ́n kọjú sí, ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Nǹkan ńlá yẹn tí ìyá ti ń nù láti ọdún mẹ́ta wá wúlò lónìí.

Ó rọra rìn lọ sẹ́yìn pátákó bí ẹni fẹ́ tọ̀. Baba Aláwọ̀n tẹ̀ lé e, ó ń wúkọ́ kí wọ́n má bàa gbọ́ ìró irin. Wọ́n gbé ọ̀pá kúrò, wọ́n yí ọwọ́ irin, pákó sọ̀, ó wọ inú ẹrẹ̀. Wọ́n dá ọ̀pá padà. Nígbà tí wọ́n jáde, Kókó Mẹ́ta ṣì wà lórí kókó kejì.

Ìgbà tó yá, wọ́n kó àlejò wá sẹ́yìn pátákó. Wọ́n kọjá lára ìdajì oko tó funfun. Àlejò kan béèrè pé kí ló ṣe ibẹ̀. Kókó Mẹ́ta ní abala ìwádìí ni, àwọn dìídì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ káwọn lè mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Ìyá Onílẹ̀kùn gbọ́ ọ, ó gbé e mì. Obìnrin àgbàlagbà kan láàárín àwọn àlejò, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti la bíi ti ìyá, bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ilẹ̀ funfun náà, ó fi kan ahọ́n.

Àwọn mẹ́rin mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Wọ́n ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, àlejò ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kókó Mẹ́ta ká ọwọ́ agbádá, ó di ọwọ́ irin mú, ó yí i sósì. Kò yí. Ó tún gbìyànjú. Kò mì. Ó wo pákó, ó rí i pé ó ti délẹ̀. Ó wo Ìyá Onílẹ̀kùn, ó wo Baba Aláwọ̀n.

"Agbára yín mà pọ̀ o, ọ̀gá," ni Ìyá Onílẹ̀kùn wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ tì í pa."

Kókó Mẹ́ta tún wo pákó. Èèyàn lè rí òtítọ́ kó sì tún rí ìyìn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyọ kan ni yóò sì mú. Ó nu òógùn, ó yíjú sí àlejò, ó ní ohun tí àjùmọ̀ṣe ń ṣe nìyẹn. Àtẹ́wọ́ ta. Wọ́n ti àgádágodo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba abẹ́ kánópì lọ jẹ bisikíìtì.

Obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ lílà yẹn ò bá wọn lọ. Ó dúró ti ilẹ̀kùn, ó ń wo irin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí ọ̀pá mú, ó gbé e sókè díẹ̀, ó rí i pé ó bọ́, ó rọra dá a padà sáàyè rẹ̀. Ìyá Onílẹ̀kùn rí gbogbo rẹ̀. Kò lè sá, kò lè purọ́. Ó ronú kan alágbẹ̀dẹ, ó ronú kan ìrẹsì.

Obìnrin náà wẹ̀yìn, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," ló wí, "ta ló rọ èyí fún yín?"

Ìyá Onílẹ̀kùn yíjú sí oko.

"Ẹ má bẹ̀rù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á lè bá wa dé ọ̀dọ̀ tiwa ni. Márùn-ún ni wọ́n kọ́ sí tiwa."